Mo fowó ra ìwé 41 sórí fóònù, gbogbo ẹ̀ ti lọ. Ta ló ni ìwé yẹn gan-an?

Tíṣà_Ṣíttà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Tíṣà físíìsì ni mí ní Súrùlérè, ọ̀dọ̀ Ṣíttà níbí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé láàárọ̀, mò ń ṣe lẹ́sìn nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín torí mo mọ̀ pé àwọn tí kọ̀ǹpútà yé dáadáa wà níbí.

Láti 2018 ni mo ti ń ra ìwé lórí áàpù kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń rà á o, tí owó lẹ́sìn bá wọlé màá ra ọ̀kan, nígbà míì oṣù méjì á kọjá kí n tó tún ra òmíì. Ìwé físíìsì wà níbẹ̀, ìwé ìtàn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, àwọn tí mo máa ń kà fún ọmọ mi kó tó sùn náà wà níbẹ̀. Ó ti di mọ́kànlélógójì. Oṣù tó kọjá ni mo ṣí áàpù yẹn, mo rí èèpo ìwé mi gbogbo lórí ìlà bí wọ́n ṣe máa ń wà, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ti ràwọ̀ bí eérú. Mo tẹ ọ̀kan, ó ní kò sí fún agbègbè tí mo wà mọ́. Mo tẹ òmíì, ọ̀rọ̀ kan náà. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹta lẹnì kan tó dá mi lóhùn pé àwọn ò ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà mọ́, pé ó wà nínú àdéhùn tí mo tẹ "mo gbà" sí lọ́jọ́ tí mo ṣí àkáǹtì. Kò mẹ́nu ba owó rárá.

Ohun tó wá jẹ́ kó wọ̀ mí lára jù ni pé ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ kí bàbá mi ní Mushin. Bàbá mi ní àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí mo bá nílé, àpàlà, sákárà, jùjú àtijọ́. Wọ́n yọ ọ̀kan nínú páálí ẹ̀, páálí yẹn ti gbó débi pé téèpù ló dì í mú létí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fi aṣọ funfun nu ún yípo, wọ́n gbé e lé ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ ha díẹ̀ kí ìlù tó wọlé, ó sì ń kọ. Ilé iṣẹ́ tó tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ti kógbá wọlé. Ẹni tó tà á fún wọn ní Ìdúmọ̀tà ti kú. Kò sẹ́ni tó lè wọ yàrá bàbá mi wá sọ pé kò gbọdọ̀ kọ mọ́. Mo kàn jókòó, mò ń wo fóònù ọwọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé "rà" tí wọ́n kọ sára bọ́tìnì yẹn kì í ṣe rírà ni, àti pé tí ọ̀rẹ́ mi bá fi PDF ìwé tí mo ti sanwó ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, torí ó ti ní òun rí mẹ́wàá nínú ẹ̀ lórí Telegram, ṣé olè ni mo jà, àti pé báwo ni kí n ṣe máa ra ìwé báyìí tí irú èyí ò fi ní ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́? Ẹ má bínú pé ó gùn.


Ẹnjiníà_Ọ̀tígbà:

Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́, ó dùn mí fún yín. Fóònù àti lápútọ́ọ̀pù ni mò ń tún ṣe ní Computer Village, mo sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ju oúnjẹ lọ, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ìwé kọ́ lẹ rà. Àyè láti ka ìwé lẹ rà, ohun tí wọ́n ń pè ní láísẹ́nsì. Bí ilé àyágbé ni. Ẹ sanwó, ẹ ń gbé ibẹ̀, ẹ kun ògiri, ẹ gbé kọ́tìnì kọ́, lánlọ́ọ̀dù ló nilé síbẹ̀. Kódà ilé àyágbé sàn jù ú lọ, torí òfin ilé gbígbé Èkó ti 2011 sọ pé ẹni tó ń sanwó ọdọọdún gbọ́dọ̀ gba nótíìsì oṣù mẹ́fà tí òun àti lánlọ́ọ̀dù ò bá jọ ṣàdéhùn míì. Oṣù mẹ́fà! Ẹ̀yin ò rí nótíìsì ọjọ́ kan.

Kì í sì í ṣe yín nìkan. Oṣù keje 2009, Amazon wọ inú Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé wọn, tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn lọ́hùn-ún, wọ́n pa ìwé George Orwell méjì rẹ́ nígbà tí onítọ̀hún ti sanwó, torí ẹni tó gbé ìwé yẹn sórí igbá fún wọn kò ní àṣẹ láti tà á. Wọ́n dá owó padà, Jeff Bezos tó jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà náà fúnra ẹ̀ bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ọmọ ilé ìwé kan tó ti kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ sínú ìwé yẹn pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì fi 150,000 dọ́là parí ẹ̀. Microsoft náà ti ṣọ́ọ̀bù ìwé wọn pa ní 2019, ìwé tí gbogbo èèyàn rà níbẹ̀ dákẹ́, wọ́n ṣáà dá owó padà ní tiwọn. Oṣù kejì 2025 ni Amazon tún yọ àyè tí èèyàn fi ń gba ìwé Kindle sórí kọ̀ǹpútà kó tó fi wáyà gbé e lọ sórí ẹ̀rọ ẹ̀. Mo mọ ẹni tó lo gbogbo òru kan gba tiẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó pé.

Ìpínlẹ̀ California ti rí i pé ọ̀rọ̀ "rà" yẹn ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n ṣòfin, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2025, pé ẹni tó bá ń ta nǹkan orí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè gbà á padà lọ́wọ́ èèyàn kò gbọdọ̀ kọ "rà" sí i láìjẹ́ pé ó sọ ọ́ kedere pé láísẹ́nsì ni. Ẹ wò ó, òfin yẹn kò kan ẹni tó bá jẹ́ kẹ́ ẹ gba fáìlì yín lọ pátápátá. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: ṣé fáìlì yẹn lè dúró lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹni tó tà á bá kú?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tì í. Oníbàárà mi kan gbé fóònù wá tí irú tiyín ṣẹlẹ̀ sí i. Mo wọ inú fóódà áàpù yẹn, mo bá ìwé ẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé, fáìlì tí kò ju fọ́tò kan lọ. Ìwé yẹn ò lọ síbì kankan! Àmọ́ nígbà tí mo ṣí i, ìdàrúdàpọ̀ lẹ́tà àti nọ́mbà ló kún ibẹ̀. Wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni kọ́kọ́rọ́ wà, ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ṣí áàpù ló ń lọ tọrọ ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò fún un mọ́, ìwé yín wà lápò yín, ẹ ò sì lè kà á. Oníbàárà yẹn ń wò mí bíi pé mo lè ṣe nǹkan kan sí i. Mo dá fóònù ẹ̀ padà fún un, mi ò gba kọ́bọ̀.

Torí náà kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: tí mo bá sanwó, ṣé màá lè gbé fáìlì ẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín? Àwọn kan ń ta EPUB àti PDF, irú fáìlì ìwé méjì, tí kò ní àgádágodo. Bandcamp ń ta orin tẹ́ ẹ máa gbé lọ, GOG ń ta géèmù bẹ́ẹ̀. Ẹ lo Calibre láti tò wọ́n jọ, ọmọ Íńdíà kan ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí háàdì dráìfù, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀kẹta lọ sílé bàbá yín ní Mushin, ẹ tọ́jú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn.


Boy_Àgúdà:

Ẹ ń da ara yín láàmú o, Tíṣà. Gbogbo ìwé yẹn wà lórí Telegram, dátà nìkan lẹ máa fi gbà á. Èmi ò ra ìwé kankan láti bí ọdún mẹ́rin báyìí, mi ò sì ra fíìmù. Wọ́n ti jẹ owó yín, ẹ náà ẹ lọ gba tiyín.


Ìyá_Fíìmù_Ìdúmọ̀tà:

Boy Àgúdà, mo bẹ̀ ẹ́, dúró níbẹ̀ yẹn, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ sí ọ bí ọmọ.

Ìdúmọ̀tà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti ṣòwò. Láti bíi 1992 tí fíìmù fídíò ti gbòde ni màmá mi ti ń ta káséètì, àwọn tó ń ti Ọ̀yọ́, Ìlọrin, Kútọnu wá á tò síwájú ṣọ́ọ̀bù wa láàárọ̀ Mọ́ńdè kí ọjà tó ṣí. Nígbà tó yá, èmi àti ọkọ mi ní ká ṣe tiwa. 2011 ni. A ta ilẹ̀ kan tá a ní ní Ìkòròdú, a yá owó kún un ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọkọ mi ló kọ ìtàn yẹn, èmi ni mò ń dáná fún àwọn òṣèré lójú iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà gbáko. A lẹ àmì dídán tí ìjọba ní ká máa lẹ̀ mọ́ páálí mọ́ ọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí tábìlì ìjẹun wa, àwọn ọmọ ń bá wa lẹ̀ ẹ́.

Mọ́ńdè ló jáde. Tọ́sìdeè, àbúrò mi ra díìsì kan lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì. Fíìmù méjìlá ló wà nínú díìsì kan ṣoṣo, tiwa ni ẹ̀kẹrin. Mo dì í mú lọ́wọ́ báyìí, bébà ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì ń run yíǹkì, wọ́n ti ṣi orúkọ ọkọ mi kọ. Wọn ò tiẹ̀ bìkítà láti kọ orúkọ ẹ̀ re! Ohun tí wọ́n ta fíìmù méjìlá yẹn kò tó iye tá a ta tiwa kan ṣoṣo. A ò rí owó yẹn padà. Ọdún mẹ́ta la fi san gbèsè, ọkọ mi ò sì kọ ìtàn míì mọ́ títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn mí ju ilẹ̀ lọ.

Torí náà nígbà tẹ́ ẹ bá ní "ẹ lọ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́", ẹ rántí pé ẹnì kan jókòó kọ ọ́. Kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ní lórí ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán, owó ilé ìwé ọmọ ẹnì kan ni.

Tíṣà, mi ò sì sọ pé ohun tí wọ́n ṣe fún yín dáa o. Ẹni tó gba owó yín tó tún gba ìwé yín padà, àti ẹni tó tẹ fíìmù wa láìsanwó, ohun kan náà ni wọ́n ṣe, òógùn ẹlòmíì ni wọ́n jẹ. Ẹ tiẹ̀ wádìí bóyá wọ́n sanwó àwọn tó kọ ìwé yẹn pé.


Boy_Àgúdà:

Mọ̀mí, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ bá mi kí bàbá. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi náà. Mo máa ń fẹ́ sanwó. Ìparí 2022, tí ọ̀pọ̀ báǹkì dá káàdì náírà dúró lórí ọjà òkèèrè, mo ní owó lọ́wọ́, mo ń tẹ káàdì, ó ń kọ̀ ọ́. Iye tí wọ́n ń ta ìwé kan ní dọ́là, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ni fún mi. Ẹni tó fẹ́ ká sanwó gbọ́dọ̀ ṣe é ní iye tí èèyàn Àgúdà lè san, kó sì gba tiransífà. Àwọn òǹkọ̀wé wa kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp, ẹ fowó ránṣẹ́, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́. Irú ìyẹn, màá san.


Adékúnlé_Yaba:

Ọ̀fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìwé kọ́píráìtì ló ń gba ọwọ́ mi kọjá jù. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin sọ.

Òfin kọ́píráìtì wa tuntun ni ti 2022, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta 2023. Ó wo íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ ẹ̀ lórí ìkànnì kan láìgbàṣẹ lè kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yọ ọ́, òfin sì ti là á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́. Ìyá Fíìmù, ẹ̀tọ́ yín nìyẹn tí fíìmù yín bá tún yọjú níbì kan.

Tíṣà, lórí PDF ọ̀rẹ́ yín: òfin yẹn fàyè gba ìlò tó tọ́, ó dárúkọ ìlò ara ẹni, ìwádìí àti ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ti owó, àríwísí, ìròyìn, títí kan ìṣẹ̀fẹ̀. Adájọ́ á wo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ tó jẹ́, báwo lẹ ṣe mú tó nínú ẹ̀, àti bóyá ó pa ọjà onítọ̀hún lára. Odidi ìwé tó ṣì wà lórí igbá, láti ọwọ́ ẹni tí kò láṣẹ láti pín in, kò dúró dáadáa níwájú ìbéèrè mẹ́rin yẹn. Owó tẹ́ ẹ san fún áàpù yẹn kò sọ ẹni tó gbé e sórí Telegram di ẹni tó láṣẹ. Jíjá àgádágodo orí ìwé náà, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ ló jẹ́ nínú òfin yẹn. Èmi yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ má gba PDF yẹn, kẹ́ ẹ dojú kọ owó yín. FCCPC ló ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ní orílẹ̀-èdè yìí, òfin tí wọ́n ń pè ní ti 2018 ló fún wọn láṣẹ. Ẹ kó rìsíìtì mọ́kànlélógójì yẹn jọ látinú ìmeèlì yín, ẹ fi lẹ́tà tí wọ́n kọ sí yín tì í, ẹ fi ránṣẹ́.

Ohun kan wà tí inú mi dùn sí nínú òfin yẹn, ó jẹ mọ́ àwọn afọ́jú. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn Marrakesh láti 2017, òfin 2022 sì ti gbé e wọlé, wọ́n lè sọ ìwé di bíréèlì tàbí ohùn fún ẹni tí kò ríran láìjẹ́ pé wọ́n tọrọ àṣẹ.

Ìwé tí kò lólówó mọ́ náà sì wà. Ní Nàìjíríà, ìgbà tí òǹkọ̀wé bá kú, ẹ ka àádọ́rin ọdún láti ìparí ọdún yẹn. D. O. Fágúnwà kú ní 1963, ìwé ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ kọ́píráìtì títí ìparí 2033, ẹ rà á. Àmọ́ ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, òun kú ní 1901, ìwé àkọ́kọ́ sọnù, àbúrò ẹ̀ Dókítà Obadiah ló tún un kọ látinú àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, CMS Bookshop Èkó níbí ni wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ìyẹn ti di ti gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni lè gbà á, kó tẹ̀ ẹ́, kó kà á sínú rédíò.


Ẹnjiníà_Ọ̀tígbà:

Adékúnlé, ẹ ṣeun, mo gba gbogbo ẹ̀ àfi ọ̀rọ̀ àgádágodo. Mo mọ̀ pé òfin sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ èmi ò rò pé ó tọ́ pé kí ẹni tó ṣí ohun tó sanwó ẹ̀ fúnra ẹ̀, nínú yàrá ẹ̀, wà lábẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ẹni tó tẹ fíìmù Ìyá. Amẹ́ríkà tó gbé irú òfin yìí kalẹ̀ ní 1998 gan-an ní àyè tí wọ́n fi ń tún un wò lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á jókòó gbọ́ ẹjọ́ àwọn èèyàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti fàyè gba pé kí èèyàn ṣí fóònù ẹ̀ láti tún un ṣe. Iṣẹ́ tí mò ń jẹun nínú ẹ̀ nìyẹn. Fóònù tí ẹni tó ni ín ò lè ṣí, ta ló ni ín? Ó yẹ kí tiwa náà láyè ìgbẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí àwọn oníṣẹ́ Ọ̀tígbà lọ sọ tiwọn.


Akọ̀ka_Láàbù:

Ẹ káalẹ́. Yunifásítì ní Akọ̀ka ni mo wà, láàbù ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ fi ìròyìn sáyẹ́ǹsì kún un, torí apá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ́píráìtì ti ń dun èmi jù, Tíṣà sì jẹ́ ẹni físíìsì.

Ẹ wo bí ìwé ìwádìí ṣe rí. Owó ìlú ni wọ́n fi ṣe ìwádìí, ẹni tó kọ ọ́ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ jọ́nà, ìyẹn àwọn tó ń tẹ ìwádìí jáde, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò náà kò gba kọ́bọ̀, ó wá jáde, wọ́n ní kí èmi tí mò ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà san bíi 30 dọ́là sí 40 kí n tó ka ojú ewé mẹ́jọ. Ọkọ Ìyá Fíìmù yẹ kó jẹun nínú kọ́píráìtì. Nínú jọ́nà, ẹni tó kọ ọ́ kì í jẹun nínú ẹ̀. Mi ò lè fi ojú kan náà wo méjèèjì.

Mo sì ti rí bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn. Oṣù kìíní 2020, wọ́n gbé àwòrán jíìnì kòrónà sí gbangba láti Ṣáínà, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Moderna àti NIH, àjọ ìwádìí ìlera Amẹ́ríkà, ti parí ètò ohun tí àjẹsára wọn máa jẹ́. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ni wọ́n fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní in múlẹ̀ ní Nàìjíríà, Èkó níbí ni. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ACEGID, ibùdó ìwádìí jíìnì ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, pẹ̀lú NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn, àti àwọn ara NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn ní Yaba, ka jíìnì kòkòrò yẹn, òun ni àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, wọ́n sì gbé e sí gbangba lójú ẹsẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni san dọ́là. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ láàbù mi tórí wọn á wú.

Ṣíṣílẹ̀kùn náà ló ń jẹ́ ká tètè mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Tíṣà, ẹ̀yin náà á rántí LK-99 ní oṣù keje 2023, tí àwọn kan ní Kòríà ní àwọn ti rí ohun tó ń gbé iná mànàmáná láìdí i lọ́nà rárá nínú ooru yàrá lásán. Gbogbo fóònù ló gba fídíò òkúta dúdú tó ń léfòó yẹn. Orí arXiv, ìkànnì ìwé ìwádìí, ni wọ́n gbé ìwé yẹn sí, ọ̀fẹ́, ẹnikẹ́ni lè kà á, ìdí nìyẹn tí láàbù Íńdíà, Ṣáínà, Amẹ́ríkà fi lè po tiwọn lọ́gán. Kó tó tó oṣù kan wọ́n ti rí i pé ìdọ̀tí bàbà àti imí ọjọ́ tó wà nínú ẹ̀ ló jẹ́ kó dà bíi pé iná ń kọjá láìdí i lọ́nà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn àgádágodo ló wà ńkọ́, ẹlòmíì ì bá ti fi gbowó lọ́wọ́ èèyàn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìwé físíìsì fún ara yín, ẹ lọ sí arXiv, ó ti wà láti 1991. Ìwádìí tí NIH Amẹ́ríkà san owó ẹ̀, èyí tí jọ́nà bá gbà wọlé láti oṣù keje 2025, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ di ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ tó bá jáde. Èyí tí kò bá sí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kọ ìmeèlì sí ẹni tó kọ ọ́. Èmi ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, inú wọn máa ń dùn pé ẹnì kan láti Èkó fẹ́ ka iṣẹ́ àwọn.


Tíṣà_Ṣíttà:

Ẹ ṣé o, gbogbo yín, Ọlọ́run á bá mi san án. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó mi náà kà á.

Mi ò gba PDF lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi mọ́. Mọ̀mí Ìdúmọ̀tà, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín tó ń lẹ àmì dídán mọ́ páálí lórí tábìlì ìjẹun ni kò kúrò lọ́kàn mi. Alẹ́ àná mo jókòó, mo wá rìsíìtì nínú ìmeèlì láti 2018, mo rí mẹ́tàdínlógójì nínú mọ́kànlélógójì, mo kọ lẹ́tà sí FCCPC bí Adékúnlé ṣe sọ, mo fi gbogbo ẹ̀ tì í. Mo gba ìwé Johnson náà sílẹ̀, mo sì ka díẹ̀ nínú apá tó sọ̀rọ̀ nípa orúkọ sí ọmọ mi létí, ó ń bi mí ìdí tí wọ́n fi sọ òun ní Àìná, inú mi dùn pé mo rí ohun dá a lóhùn.

Mo sì ra ìwé kan lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kan fúnra ẹ̀, tiransífà bí Boy Àgúdà ṣe wí, EPUB ló fi ránṣẹ́, mo pa dátà fóònù mi kí n tó ṣí i láti mọ̀ bóyá ó máa ṣí. Ó ṣí.

Mò ń bọ̀ wá ra háàdì dráìfù. Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni kí n wá, mi ò fẹ́ kí àwọn tó ń fa èèyàn lọ́wọ́ létí títì tà mí ní fèkè.


Ẹnjiníà_Ọ̀tígbà:

Ẹ wá ní Tọ́sìdeè kí aago mọ́kànlá tó lù, Sátidé èrò máa ń pọ̀ jù. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn látẹnu ọ̀nà, ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ nínú ọkọ̀, màá rán ọmọ iṣẹ́ mi wá mú yín. Ẹ gbé lápútọ́ọ̀pù yín dání, ká jọ dán dráìfù yẹn wò títí dé gíìgì tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó sanwó.